Omidùn Inú Abọ́ Èso

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ìkórè, Monínúọlá ti tètè jí, ó ń gé ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé ìjọ wọn máa jẹ lẹ́yìn ìsìn. Èso gígé ló ń tà ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀hún náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ.

Omi ló wọ́n lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kò tó nǹkan, Monínúọlá kò sì fọ èso kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

"Èèpo tí a ó dànù, kí la fẹ́ máa fọ̀ ọ́ sí?" ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń ta ògì, gbọ́ ọ.

"Ìyàwó mi, má dara ẹ láàmú," ni màmá wí. "Ṣebí Bùnmi ló sọ fún wa pé kòkòrò rere tí ojú ò lè rí ni wọ́n fi ń lé kòkòrò burúkú níbi uṣẹ́ rẹ̀? Ó ní irú èyí tó wà nínú omidùn ògì ni. Omidùn rè é ńlé!"

Olúbùnmi ni àbígbẹ̀yìn màmá. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́ àti èso sínú ike ló ti ń ṣiṣẹ́. Monínúọlá gba omidùn, ó wọ́n ọn sórí èso, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó bu abọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ rẹ̀, Dùnmínínú.

Ọmọ yìí ni ìgbẹ́ gbuuru fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Omi tán lára rẹ̀, ojú rẹ̀ jìn wọnú, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Ọlọ́run ti dá a padà fún wọn. Òun náà ló wá fẹ́ gbé èso sẹ́nu báyìí, bí Olúbùnmi ṣe wọlé.

"Dùnmínínú, dúró ná! Kí ló funfun lórí èso yẹn?"

"Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ o," ni Monínúọlá fi ẹ̀rín dáhùn. "Ẹ̀kọ́ yín ni. Omidùn màmá ni."

"Ìyàwó wa, ẹ fọ èso yẹn kí ẹ tó gé e?"

Monínúọlá nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Olúbùnmi rọra gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

"Màámi, ẹ ò parọ́," ló wí. "Àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan wúlò. Bí wọ́n bá tètè gba orí èso, wọ́n á jẹ oúnjẹ tí kòkòrò burúkú ìbá jẹ, wọ́n á mú kí ibẹ̀ kan bí ògì, tí ara kò fi ní rọ̀ ọ́. Bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ ìkórè ni: ẹni tó bá pẹ́ dé, ìta ni yóò dúró sí."

"Kí ló wá burú?" ni màmá bi í.

"Èyí tí àwa ń lò, wọ́n ti ṣà á lọ́tọ̀, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì mọ ìwọ̀n tó tọ́ sí èso kọ̀ọ̀kan. Ti omidùn ilé, ta ló mọ ohun tó wà ńbẹ̀? Omi kànga lẹ fi po ògì. Burúkú lè fara pamọ́ sáàárín rere. Àti pé a máa ń fọ èso, ọwọ́ àti ọ̀bẹ, kí a tó fi í sí i. Ó ń ran ìmọ́tótó lọ́wọ́ ni, kò lè gbapò rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mo bó èèpo rẹ̀ kúrò," ni Monínúọlá wí.

"Ọ̀bẹ tó gba ara èèpo kọjá náà ló wọ inú èso. Ìdọ̀tí oko bá a wọlé."

Monínúọlá wo abọ́, ó wo ọmọ rẹ̀. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé èso náà lọ dànù.

"Ọlọ́run ló ní kí o tètè dé o, Bùnmi," ló ń wí.

Wọ́n pọn omi ẹ̀rọ nílé aládùúgbò. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó, wọ́n fọ èso tó kù dáadáa kí wọ́n tó bó o, wọ́n gé e, wọ́n sì kó o sínú kúlà oníyìnyín. Ó dín kù gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ló kan àwọn ọmọ, àmọ́ wọ́n jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ké inú rírun.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Monínúọlá mú Dùnmínínú jáde wá dúpẹ́.

"Arábìnrin, kí ni Olúwa ṣe?" ni ẹni tó mú gbohùngbohùn bi í.

"Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni mo wá dúpẹ́ fún."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Lọ́dún tó kọjá," ló wí, "mo dúpẹ́ pé ọmọ mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún yìí, kò dùbúlẹ̀ rárá."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé orin.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kòkòrò rere wà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ń ṣe fún wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa lò wọ́n sí èso gígé, ẹ má fi omidùn ilé dán an wò. Tiyín ni kí ẹ fi omi tó mọ́ fọ èso kí ẹ tó bó o, kí ẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ, kí èso gígé sì wà níbi tó tutù. Bí omi kò bá sí, ẹ má gé e. Ó dára kí a dúpẹ́ pé ara ọmọ yá. Ó sàn jù kí a dúpẹ́ pé kò ṣàìsàn.