Èkúté Inú Ilé Ọkọ̀ Fádáre

Bàbá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ìdí ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ rẹ̀, ó ń ki àfọ́kù ìgò bọ inú ihò kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Èmi ló di igbá sìmẹ́ńtì mú.

"Wò ó dáadáa, Àgbékẹ́," ló wí. "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èkúté. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti gbà, gbogbo ara rẹ̀ ti wọlé nìyẹn."

Ọdún kejì tí Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, gba òmìnira ni. Fádáre bàbá mi ní ọkọ̀ akérò kékeré kan tó ń ná Adja-Ouèrè, ìlú wa, sí Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́, kò sì sí ohun tó kórìíra tó èkúté. Wọ́n ti jẹ ìjókòó ọkọ̀ náà rí, wọ́n sì bímọ sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni òfin ilé ọkọ̀ wa ti le ju ti ilé-ìwé lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ wọ ibẹ̀. Páànù tí a kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ nígbàkigbà tí a bá tì í. Oúnjẹ Ògún pàápàá, ìta ni à ń gbé e sí, lórí irin tí bàbá mi rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé e síbẹ̀ yóò jókòó tì í títí adìyẹ yóò fi ṣà á jẹ, yóò wá gbá ìyókù lọ sínú igbó. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi Ògún síta bí àlejò tí a kò fẹ́.

Ìyábùnmi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọmọ ìlú Kpoulou ni. Òkè, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré, ó sì fi í sọ́dọ̀ wa kí ó lè lọ ilé-ìwé. Kíláàsì kan náà la wà, orí ẹní kan náà la ń sùn. Ó mọ̀wé jù mí lọ, kí n má purọ́. Bí a bá ti ti ilé-ìwé dé, ìjókòó iwájú ọkọ̀ ni yóò lọ ti kàwé, nítorí ariwo àwọn àbúrò mi kì í dé ibẹ̀. Ibà ni kò jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò sàtífíkà, èyí tí a fi ń jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tó ṣáájú. Òkè sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Bí ó bá yege, yóò lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Àjàṣẹ́. Bí kò bá yege, ọkùnrin kan ní Tatonnonkon ti gbé iṣu ìdána wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì lọ kí iṣu tuntun tó jáde.

Pọbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ti lọ sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà. Ó ní kí ni ẹni tó ní ọkọ̀ ń wá lórí ẹní ẹlòmíràn. Ní ọ̀sán tí ìdánwò ku ọ̀la, ó wúre sórí àgbàdo yíyan, ẹ̀wà àti epo pupa nítorí ìrìn àjò wa, ó ní kí n lọ gbé e sórí irin Ògún, kí n sì jókòó tì í. Òun ń lọ bá wọn kí ẹbí olókùú kan. Ìyábùnmi ti kó aṣọ ilé-ìwé àwa méjèèjì lọ fọ̀ lódò.

Bí bàbá mi ti lọ tán ni Victorine ọ̀rẹ́ mi dé. Ó ní ayafọ́tò láti Àjàṣẹ́ wà lọ́jà, ó ti ń di ẹrù rẹ̀ nítorí òjò, kí n jẹ́ ká yára. Mo wo ojú ọ̀run, ó ti ṣú. Àwọn adìyẹ ti sá wọlé. Ta ni yóò wá bá mi jẹ oúnjẹ yìí? Mo wá bi ara mi pé, ta ló ni irin? Ṣé Ògún kọ́ ni? Irin wo ló wà nílé wa tó tóbi ju ti inú ọkọ̀ lọ?

Mo ṣí ilé ọkọ̀, mo gbé imú ọkọ̀ sókè, mo da àgbàdo àti ẹ̀wà náà sórí ẹ́ńjìnnì, mo sì ta epo lé e títí ó fi ṣàn dé ara àwọn wáyà. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo rò pé mo ti bọ Ògún ju bàbá mi lọ. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, páànù ìsàlẹ̀ rẹ̀ há sókè, n kò sì dúró tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo ní n ó padà wá gbá gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò ká wa mọ́ ọjà, a yafọ́tò, a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi délé, mo ti gbàgbé.

Ní ìdájí, bàbá mi tẹ ọkọ̀ títí, kò dún. Ó gbé imú rẹ̀ sókè, èkúté méjì bẹ́ jáde. Wọ́n ti lá epo náà tán, wọ́n sì ti jẹ wáyà mọ́ ọn. Èèpo àgbàdo díẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sórí ẹ́ńjìnnì.

Bàbá mi yíjú sí Ìyábùnmi. "Ìwọ lo máa ń jókòó síbí. Ìwọ lo ń jẹ àgbàdo nínú ọkọ̀ mi?"

"N kò jẹun níbẹ̀ rí, Bàbá."

Mo wolẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo àgbàdo náà dànù.

Bàbá mi sáré lọ jí Ràímì aránṣọ, aládùúgbò wa, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gun ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá mi ní kí èmi gùn ún, kí Ìyábùnmi máa sáré bọ̀, Ràímì yóò padà wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Mo mọ ẹni tí ìjókòó yẹn tọ́ sí. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìyábùnmi bá mi di kẹ̀kẹ́ náà mú kí n lè gùn ún, ó sì wo ojú mi. Mo gùn ún.

Dìkté, ìyẹn àpèkọ, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Ẹni tó bá gba òdo nínú rẹ̀ ti jáde nínú ìdánwò nìyẹn. A ti kọ ọ́ dé ìdajì nígbà tí mo rí Ìyábùnmi lójú fèrèsé, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún. Àwọn tó ń ṣọ́ wa mi orí sí i pé ó ti pẹ́. Kò sunkún. Ó kàn dúró síbẹ̀, èmi sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń pè.

Mo yege. Òkè wá mú ọmọ rẹ̀, bàbá mi sì sọ fún un lójú gbogbo ilé pé ọ̀kánjúwà ọmọ náà ló fà á. Ìyábùnmi di ẹrù rẹ̀, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà ni mo tó jẹ́wọ́. Bàbá mi kò lù mí. Ọkọ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Kpoulou lọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní ọmọ náà ti lọ sílé ọkọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò tún fi kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Mo di olùkọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, wọ́n gbé mi lọ sí Tatonnonkon. Ní ọjọ́ tí a ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun, Ìyábùnmi fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Mo kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn, mo ní kí ó foríjì mí, mo ní bàbá mi ti wá sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ̀.

"Dìde, Àgbékẹ́," ló wí. "Mo ti mọ̀ ṣáájú wọn. Ìgbà tí mo di kẹ̀kẹ́ mú fún ọ, ojú rẹ ti sọ ọ́. Mo ń retí kí ẹnu rẹ sọ ọ́."

Ó ní kí n kọ orúkọ ọmọ òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́, kí n fi í sí kíláàsì olùkọ́ kejì. Mo ṣe bí ó ti wí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n á máa sọ fún yín pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ ti bọ́. Irọ́ ni, bí ẹ bá jẹ́ kí ó pẹ́. Òtítọ́ ní wákàtí tirẹ̀. Bí wákàtí náà bá kọjá, etí ara yín nìkan ni ẹ ń sọ ọ́ sí. Àwọn èkúté tó jẹ wáyà ọkọ̀ bàbá mi kò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Èmi mọ̀, mo sì gun kẹ̀kẹ́ lọ.