Ihò Kẹrin Lára Irin Dídán

Mo fi gbogbo ara búra pé ìtàn yìí kò ní gùn. Obìnrin kan wà nínú mọ́tò níta tó ń dúró dè mí, mi ò sì fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tí mò ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni mọ́tò náà. Òun ló fi gbé ìyàwó rẹ̀ wálé nígbà tí gbogbo wa ṣì ní irun lórí. Lẹ́yìn náà, mọ́tò kú, adìyẹ sì ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì, ó ní òun á jí i dìde, òun á sì tún fi gbé ìyàwó òun jáde. Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó kùn ún. Ohun kan ṣoṣo ló kù: irin tẹ́ẹ́rẹ́ dídán tó máa ń lọ gbọọrọ lára ilẹ̀kùn, ní ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jáde bí bọ́tìnnì kan bá já lára ẹ̀wù rẹ̀. Kò ní gbé mọ́tò oníhòòhò jáde.

Páànù ilẹ̀kùn náà ti jẹrà, ó fi tuntun dí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lu ihò mẹ́rin tí sukúrù máa gbà wọlé. Bó ṣe dé orí ìkẹrin ló sín, ihò náà sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ìka kan.

Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mọ́tò ti kó òtútù.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó rán mi lọ wá irin náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ara mọ́tò.

Ọ̀kan nínú wọn jókòó sáàárín gírísì, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti dókítà lọ. Kí n tó sọ ohun tí mò ń wá, ó ti nà án sí mi. Irin náà tẹ̀ láàárín, fọ́nrán òwú aláwọ̀ ewé kan sì há síbẹ̀.

“Ara mọ́tò wo lẹ ti yọ ọ́?”

“Èyí tó forí sọ igi.”

“Ẹni tó ń wà á ńkọ́?”

“Òun yè é,” ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Mi ò béèrè ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo délé, a gbé irin náà lé ilẹ̀kùn. Ihò kìíní ṣe rẹ́gí, ìkejì, ìkẹta. Mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ jọ fún ìkẹrin, àmọ́ òun náà ṣe rẹ́gí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ìka kan.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló ní irú ihò yẹn láyé, kò sì tíì forí sọ igi kankan.

“Àbúrò,” ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́.”

A ju irin náà sínú kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. A sọ fún ìyàwó pé a wá irin dídán tì, pé mọ́tò ò sì lè jáde bẹ́ẹ̀. Ó pòṣé.

Láàárọ̀ yìí ló wọlé wá bá wa, inú rẹ̀ ń dùn.

“Eyínmẹ́nugún!” Bó ṣe ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa nìyẹn, eyín ti dín kù, orúkọ ò yí padà. “Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò mọ nǹkan án wá. Mo ti bá yín rí i!”

Irin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ láàárín, omi sì ń kán lára rẹ̀.

“Ìyàwó wa, níbo lo ti rí i?”

“Ọkùnrin kan ló gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ó ní ẹ gbàgbé rẹ̀.”

Aṣọ tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un ló wọ̀. Aláwọ̀ ewé ni. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀: fọ́nrán kankan kò tíì já lára rẹ̀.

Ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ báyìí, báàgì rẹ̀ lórí itan, ó ń retí kí a de irin náà mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò rí sukudiráfà. Ó ti yẹ abẹ́ ibùsùn wò. Ó ti yẹ inú ìkòkò wò.

Inú ìbọ̀sẹ̀ mi ló wà. Bí ìyàwó wa bá bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ ibi tó wà o.