Mànàmáná Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì

"Láwùmí, jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kámẹ́rà yẹn. Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tó jí ẹran inú ìkòkò."

Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́ta ló wà lórí bákóní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Agbowó ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì náà, lọ́dún 1986. Iná ti lọ láti ọ̀sán. Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Bódìjà, gbogbo àdúgbò sì ṣókùnkùn bí inú àpò. Akínsànyà, ọmọkùnrin tí Láwùmí ti ń fi gbogbo ọkàn fẹ́ láti fọ́ọ̀mù mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kámẹ́rà àbúrò bàbá rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Adégbọlá, tó ní ṣọ́ọ̀bù fótò ní Dùgbẹ̀. Ó fẹ́ fi fótò mànàmáná wọ ìdíje àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

"Kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ yá tó láti mú mànàmáná," Akínsànyà ṣàlàyé. "Ńṣe la ó ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ nínú òkùnkùn, a ó máa dè é. Bó bá ti kọ, òun fúnra ẹ̀ ló ya ara ẹ̀ yẹn."

"Èmi sì ni mo ń ka ení dé ogún lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá," Ọmọ́bọ́láńlé gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Mẹ́rin la mú. Akin, ṣé o rántí ìgbà tí àrá sán, tí mo dì mọ́ ẹ?"

Akínsànyà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Láwùmí lára bí abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ilé ni òun wà, tó ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún bàbá rẹ̀. Oṣù kẹta rèé tí àìsàn ẹ̀dọ̀ ti dá bàbá dùbúlẹ̀. Ilé iṣẹ́ omi ní Ẹlẹ́yẹlé ni bàbá ti ṣiṣẹ́, fótò kan ṣoṣo tó sì ní láyé ni èyí tó wà lára káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀. Omi ti fọ ojú ibẹ̀ nù tán. Láwùmí àti ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí Akínsànyà wá ya fótò rẹ̀, àwàdà ló fi ń dá wọn lóhùn: "Ṣé egungun lẹ fẹ́ yà ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sanra." Ohun tó ń ba Láwùmí lẹ́rù jù láyé ni pé kí bàbá lọ, kí ojú rẹ̀ má sì kù síbì kankan.

Akínsànyà sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ le.

"Láwù, bá a bá ṣe tán, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ. Ó kan fíìmù inú kámẹ́rà yìí. Àwa méjì nìkan ni."

Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí Láwùmí ń kà lábẹ́ tábìlì ní kíláàsì, bí ọkùnrin bá ti le ojú, tó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, ìkọ̀sílẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ohùn Bọ̀ọ̀dá Adégbọlá dún nísàlẹ̀: "Akin, òjò ti dé o. Ẹ wá bá mi kó aṣọ lórí okùn."

Akínsànyà mú tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ́bọ́láńlé tẹ̀ lé e, ó sì bojú wẹ̀yìn. "Láwùmí, ìwọ máa ṣọ́ kámẹ́rà. Ìyẹn ò gba ọgbọ́n."

Ó wá ku Láwùmí nìkan nínú òkùnkùn. Ẹ̀rín àwọn méjèèjì ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ti Ọmọ́bọ́láńlé ló sì ròkè jù. Láwùmí wo kámẹ́rà náà. Ó mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Adégbọlá kì í fọ fíìmù tí kò tíì kún, nítorí náà mànàmáná ọjọ́bọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Akínsànyà ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un rí pé, "Fíìmù dà bí ojú ọmọ tuntun. Ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án."

Ó ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run.

"Mànàmáná ló so yín pọ̀," ó wí nínú ọkàn rẹ̀. "Òun náà ni yóò tú yín ká."

Òkùnkùn ṣì bo fíìmù náà, ohunkóhun kò tíì ṣe é. Níbẹ̀ ni Láwùmí ti rántí ọjọ́ tí Akínsànyà gbé bàbá òun pọ̀n lọ sí ọsibítù, nígbà tí wọn kò rí takisí. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó na ọwọ́ láti ti kámẹ́rà náà pa. Mànàmáná kọ. Bákóní funfun báláú, ó sì rí fíìmù náà tó ń dán bí awọ ẹja àrọ̀. Ó pa á dé, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí Akínsànyà gòkè dé, òjò ti ń fẹ́ wọlé, wọn kò lè ya nǹkan kan mọ́.

"Láwù, ọ̀rọ̀ tí mo ní—"

"Má wulẹ̀ sọ ọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n."

Ó rin òjò lọ sílé. Bàbá ti sùn. Kò yà sí yàrá rẹ̀ kí i.

Ní ìdájí Sátidé, bàbá kú.

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ọpẹ́ ni pé wọ́n gbà lánàá," ó ń sọ láàárín ẹkún. "Nígbà tó o wà ní lẹ́sìn ọ̀sán nílé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn, kí n gbé bùbá funfun wá. Wọ́n ní kí n ránṣẹ́ pe Akin. Fótò mẹ́ta ló yà. Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ọ̀kan, Láwùmí. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ, Akin ni kó fi dá ẹ lára yá. Ṣé kò sọ ni?"

Láwùmí ti ń sáré lọ sí Dùgbẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, òun àti Akínsànyà dúró ti Bọ̀ọ̀dá Adégbọlá títí ó fi fọ fíìmù náà tán, bí kò tilẹ̀ tíì kún, tó sì nà án sókè níwájú iná. Mànàmáná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ kedere, wọ́n ta gbòǹgbò lórí òrùlé Bódìjà. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn dúdú kirikiri.

"Ẹnìkan ti ṣí kámẹ́rà yìí," Bọ̀ọ̀dá Adégbọlá wí. "Bí a ṣe ń wé láwàní ni fíìmù ń wé nínú rẹ̀. Èyí tá a bá yà gbẹ̀yìn ló ń wà lóde. Òun ni ìmọ́lẹ̀ jẹ, ó sì bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Èmi ni," Láwùmí wí.

Akínsànyà wò ó. "Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Mo rò pé ìwọ àti Bọ́láńlé..."

"Bọ́láńlé?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. "Bàbá di ọwọ́ mi mú lánàá. Wọ́n ní kí n má fi ẹ́ sílẹ̀. Mo ní mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn." Ó yíjú sí ògiri. "Máa lọ sílé, Láwùmí."

Kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá rẹ̀ kò lù ú, kò sì bú u. Gbólóhùn kan ló sọ: "Kí ni n ó wá máa wò?" Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, ọmọ mìíràn ló ń rán sí i. Níwájú ìwé ìsìn ìsìnkú, níbi tó yẹ kí ojú bàbá wà, àgbélébùú ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

Fótò mànàmáná gba ipò kìíní. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ orúkọ Akínsànyà àti Ọmọ́bọ́láńlé sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, ọwọ́ ara wọn ni àwọn méjèèjì ń dì mú rìn. Lábẹ́ fótò yẹn ni Láwùmí ti jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àbúrò rẹ̀ Moróunkẹ́, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí bàbá kú, wá bá a. "Àǹtí, báwo ni bàbá wa ṣe rí?"

Láwùmí di ojú kó lè rántí. Ìmọ́lẹ̀ funfun báláú nìkan ló rí.

Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹni tí owú bá ń rán láti ba ohun ẹlòmíràn jẹ́, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ tirẹ̀ ló wà lóde.