Òórùn Sáńdàlì ní Ṣọ́ọ̀bù Gáàsì

"Ẹ ṣí fèrèsé o, Sìlíńdà ti dé!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ rọra jókòó, ó tẹrí ba. Bàbá rẹ̀ ló ń rọ gáàsì ìdáná fún àwọn ará àdúgbò. Òun ló máa ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, òórùn gáàsì kò sì kúrò lára aṣọ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ló ṣàánú rẹ̀. Ó fa ìgò kékeré kan yọ nínú báàgì.

"Gbà. Òróró igi sáńdàlì ni, láti òkè òkun. Fi pa ọrùn. Fi díẹ̀ sábẹ́ imú pẹ̀lú, kí ìwọ náà lè gbádùn ara rẹ."

Ó fi í para. Òórùn náà kò pariwo. Ó ń rọra bọ̀, bí pákó tuntun tó ń yá oòrùn, ó sì dùn bíi wàrà. Nígbà ìsinmi, àwọn tó ń sá fún un ń sún mọ́ ọn.

"Ta ló ń ta sánsán báyìí?"

"Sìlíńdà kẹ̀? Irọ́ o!"

Ó rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ó mọ òfin ṣọ́ọ̀bù wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan olóòórùn para wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá rọ gáàsì tán, wọ́n ní láti gbóòórùn ẹnu sìlíńdà wò bóyá ó ń jò. Àìsàn kan ti pa imú bàbá rẹ̀, imú ọmọ ló kù tó gbẹ́kẹ̀ lé. "Àwọn kan bí ọmọ," bàbá a máa wí fún àwọn oníbàárà, "èmi bí imú."

Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi níwájú ilé. Bí ó bá fọ̀ ọ́ dànù, yóò tún di ẹni ẹ̀sín lọ́la. Kò fọ̀ ọ́.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

"Ìyá mi, káàbọ̀. O ò fi nǹkan para?"

"Rárá o, bàbá mi."

"Ó dáa. Wá bá mi wo ti ìyá oníbúrẹ́dì yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa imú gidi. Sáńdàlì nìkan ló gbọ́.

"Kò jò, bàbá."

Ìyá oníbúrẹ́dì ti dàgbà, kò lè gbé ẹrù wíwúwo. Bàbá gbé sìlíńdà náà lé èjìká, ó gbé e wọ ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbi tí ààrò ti ń jó. Ìyá náà ṣì wà níta nígbà tí ìró ńlá kan mi ilẹ̀.

Iná jó bàbá láti orí dé àyà. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ: "Ẹ bá mi bẹ ìyá oníbúrẹ́dì. Ọmọ mi ní kò jò. Èmi ni n kò yí ẹnu sìlíńdà le dáadáa. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, mo..." Ẹ̀rù bà á, ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la, òun yóò sọ ọ́.

Nígbà tí ó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì náà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá ti ọmọ yìí lóòótọ́. Ó jẹ́wọ́ fún àbúrò bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún ìyá oníbúrẹ́dì, ó jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run pẹ̀lú omijé. Ọlọ́run aláàánú a máa dárí jì. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbà á kúrò lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, òórùn dídùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tijú iṣẹ́ tó ń bọ́ yín débi tí ẹ ó fi purọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín. Bí ẹ bá sì ti purọ́, ẹ sọ òtítọ́ lónìí, nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì ń gbọ́ràn.