Àwọn Àkèré Ilé Ọkọ Àṣàkẹ́

Ìgbájú ni Àṣàkẹ́ kọ́kọ́ fún ọkùnrin tó padà wá di olówó orí rẹ̀. Ìgbájú gidi, èyí tó dún dé ìsọ̀ àwọn elélùbọ́ l'Ọ́jà'ba, tí fìlà ọkùnrin náà fi fò sínú gọ́tà.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ìgò ni Àṣàkẹ́ ń tà. Dáramọ́lá wá ra ìgò olómorí, ó ní òun fẹ́ fi wé èyí tó wà nínú báàgì òun. Ló bá yọ tiẹ̀ jáde, ó gbé e ka orí tábìlì obìnrin tí kò tíì ta ọjà kankan láàárọ̀. Nínú ìgò ọ̀hún ni òkú nǹkan kan ti na ọwọ́, tó na ẹsẹ̀ sínú ọtí, tó la ojú funfun sílẹ̀.

"Ọ̀pọ̀lọ́! Ìwọ olóríburúkú yìí, èmi lo fẹ́ fi ṣoògùn owó láàárọ̀ kùtù?"

"Àkèré ni, ẹ jọ̀ọ́." Dáramọ́lá fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ bá ti wo awọ ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbá mi létí."

Ẹ̀rín pa Àṣàkẹ́. Ta ni wọ́n ń gbá létí tó ń gbèjà àkèré?

Ọkùnrin náà padà wá ra ìgò, ó tún padà wá, títí àwọn elélùbọ́ fi ń pè é ní ọkọ ìgò. Ó sọ fún Àṣàkẹ́ pé erékùṣù kan wà láàárín òkun tí igbó dúdú bò. Orúkọ kan ṣoṣo làwọn onímọ̀ ń pe gbogbo àkèré inú igbó náà láti ayébáyé. Òun lọ síbẹ̀, òun fetí sí igbe wọn, òun wo ìka ẹsẹ̀ wọn, òun sì rí i pé irọ́ ni. Ìdílé kan ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ oríṣi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Iṣẹ́ òun ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí òun sì sọ oríṣi kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

"Orúkọ wo lo wá fẹ́ sọ wọ́n?"

"Mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo há sí."

"O ò rí orúkọ sọ àkèré, o wá fẹ́ fẹ́ ìyàwó?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó?"

"Ojú ẹ ni."

Dáramọ́lá sáré fọwọ́ bojú. Ojú rẹ̀ ti tú u fó.

Bẹẹrẹ ló ti gba yàrá fún àwọn ìgò náà, torí ìyá rẹ̀, Aládùúrà paraku ará Yemetu, ti búra pé òkú ẹran kankan ò ní bá òun gbélé. Àṣàkẹ́ mọ yàrá náà. Ó mọ gbogbo àkèré orí pákó ibẹ̀. Ó sì nífẹ̀ẹ́ Dáramọ́lá débi tó fi ń dùn ún wọ eegun.

Àmọ́ Àkíbù wà ńlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ ni, alápatà tí gbogbo Beyerunka ń yà fún lọ́nà. Látìgbà tí bàbá wọn ti kú ló ti sọ ara rẹ̀ di bàbá. Lọ́jọ́ tí Dáramọ́lá mú ìyá rẹ̀ wá tọrọ ọmọ, Àkíbù ò jẹ́ kí wọ́n jókòó.

"Ọmọ onísùtánà? Èyí tó ń rẹ ọ̀pọ̀lọ́ sínú ọtí?"

"Àkèré ni, ẹ̀gbọ́n."

Èèkù ọ̀bẹ ni Àkíbù fi dá a lóhùn, lẹ́nu. Eyín kan já bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára aṣọ funfun ìyá rẹ̀.

"Tí mo bá tún rí ẹ nítòsí àbúrò mi, màá kun ẹ bí màlúù!"

Àṣàkẹ́ fò mọ́ ọn, ó gé apá rẹ̀ jẹ títí ẹran fi wá sí i lẹ́nu. Ìyá Àgbà, obìnrin tó dàgbà jù lágbo ilé, kàn jókòó síbẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí Àkíbù fi wá yàrá Bẹẹrẹ kàn. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ìgò àti òkú tó lajú sílẹ̀ nínú ìgò. Ló bá figbe bọnu: "Afiniṣowó rè é o! Ẹ gbà wá o!"

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá. Ta ni yóò dúró béèrè ọ̀rọ̀? Wọ́n ti gbé táyà dé, wọ́n ti gbé bẹntiróò dé. Igbe yẹn ló bá Àṣàkẹ́ l'Ọ́jà'ba. Ó gbá ìgò kan mú, ó sáré.

Dáramọ́lá ti wà nílẹ̀ níwájú yàrá, táyà lọ́rùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ṣẹ́. Ìgò kan ṣoṣo ló rí gbé jáde, ó dì í mọ́ àyà. Àkíbù gbé bàtà sókè kó fi fọ́ orí rẹ̀. Dáramọ́lá gbé ìgò bojú. Ìgò ló fọ́ dípò orí. Àfọ́kù rẹ̀ wọ Àkíbù lẹ́sẹ̀, ó ké, ó sì fẹsẹ̀ kejì tẹ àkèré inú rẹ̀ rẹ́ mọ́lẹ̀.

"Àṣàkẹ́ mi, sá lọ," ni Dáramọ́lá ń wí nínú ẹ̀jẹ̀.

Àṣàkẹ́ fọ́ ìgò ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, ó na ṣóńṣó rẹ̀ sí ọ̀fun ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹni tó bá ṣáná, Àkíbù ló máa kọ́kọ́ kú!"

"O ti ya wèrè? Ṣé o mọ ohun tó wà nínú yàrá yẹn ni?"

"Mo mọ gbogbo ará ibẹ̀."

Ó dojú kọ ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí àfọ́kù. Kò ju ìgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo àwọn àkèré orí pákó, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹlẹ́sẹ̀-osùn, ẹ kú ilé o. Ìbàdí-àrán, ẹ kú ilé. Olójú-ẹgẹ́, ẹ ò sùn dáadáa? Akúrú-yejó, ìyàwó yín ń kí yín o."

Àwọn obìnrin inú èrò wo ara wọn lójú. Èwo nínú wọn ni kò ṣe é rí? Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá níbẹ̀ ní orúkọ àbísọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Yóò wo ìrísí wọn, yóò wo ìṣe wọn, yóò sì fún wọn lórúkọ tirẹ̀.

Ìyá Àgbà ti dé, ó ń mí gúlegúle lórí ọ̀pá.

"Àṣàkẹ́, ta ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà yí padà, ó fi ọ̀pá la Àkíbù lórí, gbàù!

"Ó ti sọ ará ilé ọkọ lórúkọ, o wá ń gbé táyà! Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ ìyá ẹ dopó ni? Ẹ gbé ìdọ̀tí yẹn kúrò lọ́rùn àna mi!"

Àwọn obìnrin ló gbé e kúrò. Ẹni tó gbé bẹntiróò wá sì fi ọgbọ́n poòrá.

Áfáà kọ̀ láti so wọ́n pọ̀, wòlíì náà kọ̀. Ìyá Àgbà ní kí áfáà àti wòlíì lọ jókòó, òun fúnra òun ló ṣàdúrà fún wọn ní Beyerunka, tọkọtìyàwó pẹ̀lú egbò lára. Dáramọ́lá kọ gbogbo orúkọ tí Àṣàkẹ́ sọ àwọn àkèré sínú iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ náà sì dúró. Èyí tí Àkíbù tẹ̀ rẹ́ nìkan ló ṣẹ́kù. Òun nìkan ni Dáramọ́lá rí mú nínú oríṣi tirẹ̀.

"Òfin àwa onímọ̀ ni pé òkú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ńlẹ̀ kí orúkọ tó lè dúró," ló ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin náà kó wá sí yàrá Bẹẹrẹ. "Èyí ti lọ nìyẹn, ayé mi."

Àkíbù tiro wọlé. Ìgò tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfìfo. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ibo lèyí tí mo tẹ̀ rẹ́ máa ń wà?"

Àṣàkẹ́ gba ìgò náà. Ó gbé e síbi tó ṣófo lórí pákó, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tí kò tíì jinná.

"Asà-ọkọ-mi," ló wí, "ẹ kú ilé o."

Àkíbù ṣí fìlà.