Ojú Gbooro

Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló kọ́kọ́ kí Bàdírù télọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí onídìrí: "Ojú gbooro o!" Bàdírù rẹ́rìn-ín, ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí gbogbo ẹni tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó fi ọ̀rọ̀ náà sí òun lẹ́nu, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbà ogun Hítílà nìyẹn, ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Mùíbátù ló ń wá ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù tí Bàdírù sá kúrò nínú rẹ̀ náà. Kùdírátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń dirun níbẹ̀ kí ikú tó mú un lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, Mùíbátù kò sunkún, kò sì ya irun orí rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Lójú tirẹ̀, méjèèjì kò yàtọ̀.

Láwàlì, olórí ẹbí ọkọ rẹ̀, ti kìlọ̀: "Ìyàwó, bí o kò bá rí òwò tó máa dúró síbẹ̀ kí Iléyá tó dé, àwọn tó ń ra ekùrọ́ ni n ó fún. Wọn á wó o, wọn á fi ṣe àká."

Sírájúdéènì olóbì ló gbà á lẹ́yìn Bàdírù, ó gbé obì síbẹ̀. Nígbà tó ṣí apẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, òwú dúdú ti wé obì kọ̀ọ̀kan yíká, ó fún pinpin. Òun náà kó ẹrù.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Mùíbátù fúnra rẹ̀ gbé iyọ̀ díẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀. Kò láyà ju ẹnikẹ́ni lọ; ẹ̀rù ni kò rí ibi wọ̀ sí i lára mọ́. Oòrùn mú, ó ṣí gèlè. Òórùn àdí tí onídìrí fi ń pa irun gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù.

Àpọ́nlé aládùúgbò ń kọjá lọ. "Ojú gbooro o!"

Mùíbátù kò tíì lanu tí ohùn kan fi dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́: "Òòyà á yà o."

Àpọ́nlé wo òkè orí Mùíbátù, ó sì sá.

Mùíbátù gbé ọwọ́ sórí. Apá òsì ti dì, ìlà rẹ̀ gún régé. Apá ọ̀tún ṣì rí wúruwùru. Ìgbà yẹn ni omijé tó bọ́. Ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn, ìka tútù kan sì tún orí rẹ̀ ṣe síwájú, bí Kùdírátù ti máa ń ṣe fún oníbàárà tí kò jókòó jẹ́ẹ́.

Ó jókòó jẹ́ẹ́.

Láwàlì dé láti gba kọ́kọ́rọ́. "Òwò wo lo wá rí?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ni Mùíbátù wí. "Irun dídì ni. Ó ku apá kan."