Rótọ̀ Tó Ń Wo Télọ̀

Ẹ má bi mí bóyá ó ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni, oòrùn ràn, kò sí ẹni tó mutí, kò sí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí lónírọ́, kó lọ wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ṣì ń rìn títí dòní.

Ọkọ̀ bàbá Télọ̀, obìnrin aránṣọ àdúgbò wa, ni. Ọkọ̀ eré ìje ayé àtijọ́, pupa, kúkurú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn fa ilẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní. Oní-réwáyà ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, kò sí ọkọ̀ àdúgbò tí kò fọwọ́ kan iná rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tirẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a jókòó sínú rẹ̀. Ìyàwó ni o, ọmọ ni o, kò sẹ́ni tó gbà láyè. Òun nìkan ló ń wà á jáde. Kó tó wà á, á fa bẹ́líìtì ìjókòó kejì, á dè é mọ́ òfìfo. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre."

Ohun kan tún wà. Tó bá fẹ́ tún dísítíríbútọ̀ ọkọ̀ náà ṣe, ìyẹn ike dúdú tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á kọ́kọ́ tẹrí ba, á rọra sọ̀rọ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀." Télọ̀ ló máa ń bá a na sípánà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bàbá ń ṣàwàdà ni.

Bàbá kú. Wọ́n ta ilé. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó sì ti ní kí onírin àlòkù wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ, kó lọ gé e wẹ́wẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá sì bá Télọ̀ sọ kẹ́yìn lórí ibùsùn àìsàn kò ju ẹyọ kan lọ. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gé e." Télọ̀ ti dáhùn pé, "Wọn ò ní gé e, bàbá." Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nìyẹn.

"Tó bá sítáàtì kí onírin tó dé, máa wà á lọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Tí kò bá sítáàtì, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ niṣẹ́ tìẹ."

"Abẹ́rẹ́ náà ló rán ṣòkòtò tó wà nídìí yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ di àwo.

Gáréèjì dákẹ́. Òórùn epo àtijọ́ kún ibẹ̀. Télọ̀ tú wáyà bátìrì kan kúrò, bí bàbá ṣe kọ́ ọ. Ó fi sípánà yí wíìlì kékeré iwájú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀díẹ̀, títí ààmì ara rẹ̀ fi bá ààmì ara ẹ́ńjìnnì mu. Ibẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì kìíní ti ń gba iná. Ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà funfun sétí dísítíríbútọ̀, níbi tí wáyà kìíní wà, ní ọ̀gangan iná iwájú ti ọwọ́ òsì.

Ó wá rántí ọ̀rọ̀ bàbá. Ó pòṣé. Ta ló fẹ́ máa bẹ irin? Kò tẹrí ba, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí ìdérí náà.

Rótọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ike kékeré tó ń yí, tó máa ń na ìka irin rẹ̀ sí wáyà tí iná bá kàn. Ó kọjú sí ìlà ṣọ́ọ̀kì géérégé, bó ṣe yẹ. Télọ̀ fi sáńpépà ha ojú irin méjì tó ń pàdé tó ń yà nínú ibẹ̀, wọ́n ti dípẹtà. Ó fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo wọn. Ó nu inú ìdérí, ó dé e padà. Iṣẹ́ ń lọ. Ó bọ́ sí apá ọ̀tún láti mú àkísà lórí fèrèsé.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Bí ìgbà tí èékánná bá ń ha ike ni. Abẹ́ ìdérí ló ti wá. Télọ̀ dúró, ariwo náà sì dúró.

Ó ṣí ìdérí. Rótọ̀ ti kúrò lójú ìlà ṣọ́ọ̀kì. Télọ̀ ló kọjú sí.

"Bóyá mo fọwọ́ kàn án ni," ló wí. Ó wo wíìlì iwájú. Ààmì méjèèjì ṣì bára mu, kò yẹ̀ bíńtín. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ò bá yí, rótọ̀ ò lè yí, okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀. Ó fi ìka méjì mú un. Kò mì. Ó fi gbogbo agbára ọwọ́ yí i. Kò mì rárá.

Ó dé e. Ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí òdìkejì. Kẹ́. Kẹ́. Ó ṣí i.

Ó ń wò ó.

Ẹ̀rù bà á. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹyẹ tó ń ké lórí òrùlé ti dákẹ́. Kò gbúròó àwo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dì mọ́. Ó sì mọ ohun tó yẹ kó sọ. Gbólóhùn kan péré ni, kò wúwo lẹ́nu. Ó tiẹ̀ ti lanu.

Ló bá rántí garawa omi. Ogún ọdún ló fi fọ ọkọ̀ náà ní gbogbo Sátidé. Ogún ọdún ló fi ń bẹ bàbá pé kó gbé òun dé ìkóríta lásán. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ọkọ̀ yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì tí wọ́n dè mọ́ òfìfo. Inú bí i. Ìbínú náà sì ju ẹ̀rù lọ.

"Ṣé èmi lẹ̀ ń wò?" ló wí. "Ẹ wò mí dáadáa. Mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ yà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí yín."

 Fèrè ọkọ̀ ńlá dún níta, onírin ti dé.

Ẹ̀gbọ́n yọjú. "Àbúrò, ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dé."

"Aago mélòó lù?"

"Mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi."

Ó so bátìrì padà. Ó wá dúró, ó ronú. Tó bá jẹ́ pé ibi tí òun bá wà ni rótọ̀ yóò máa wò, ṣebí òun ló lẹ́sẹ̀? Ó rìn lọ síwájú iná ọwọ́ òsì, ní ọ̀gangan ìlà ṣọ́ọ̀kì. Kẹ́. Kẹ́. Ó nawọ́, ó gbé ìdérí sókè díẹ̀. Rótọ̀ ti dé ojú wáyà kìíní, wẹ́kú. Ó dé e, ó fi ìkọ́ méjèèjì há a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ nawọ́ gba fèrèsé ọkọ̀, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́."

"Kí ló dé tó o dúró gbagidi síbẹ̀?"

"Ẹ yí i, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó yí i. Ọkọ̀ wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ sí Télọ̀ lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sá. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ẹ́ńjìnnì sítáàtì, ó bú ramúramù, èéfín kún gáréèjì.

"Ẹ̀ẹ́n!" ni onírin kígbe lẹ́nu ọ̀nà. "Èyí tẹ́ ẹ ní ó ti kú?"

Télọ̀ wọnú ọkọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n omi lé sí i lójú, ó kàn ju ọwọ́ ni. Télọ̀ wà á kọjá lójú onírin.

Títì kejì ló dé tí ọkọ̀ kú. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò dáhùn. Títì dá, kò séèyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró níwájú iná ọwọ́ òsì bíi ti àkọ́kọ́. Ó dúró kó gbọ́ èékánná. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣí ìdérí.

Kì í ṣe òun ni rótọ̀ ń wò mọ́. Ẹ̀yìn ló kọjú sí, sí apá ibi ìjókòó kejì.

Ó gbójú sókè, ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú ọkọ̀ gba ojú gíláàsì. Bẹ́líìtì tí kò fọwọ́ kàn ti wà ní dídè. Kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ìjókòó. Ó yọ gbùngbùn, bí ìgbà tó bá gba orí àyà èèyàn kọjá, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìwọ̀n ìgbà wo ló fi dúró níbẹ̀, kò lè sọ fún mi. Ohun tó sọ fún mi ni pé ó dé ìdérí padà, ó na ìka sí ìlà ṣọ́ọ̀kì.

"Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ ti jókòó nìyẹn," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń wà á. Ọ̀nà ibí là ń lọ."

Ó pẹ́ díẹ̀.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí ó fi délé, ó ń gbọ́ èémí kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà sì ń mí sókè kíkankíkan, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun náà wà níbẹ̀.

Mo bi í pé ta ló jókòó síbẹ̀. Ó ní òun ò bèèrè. Gbogbo Sátidé ló ń wà á jáde, kò sì tíì sọ "ẹ jọ̀ọ́" fún un rí.